Àwọn mẹ́ta tó gbé yàrá kan ní Paris

Ìbàdàn,
Ọjọ́ kẹta, oṣù Kejìlá.

Ìyá Ìbejì mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ púpọ̀, mo sì kí bàbá àwọn ìbejì àti gbogbo ará ilé. Ẹ kú òtútù o. Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́ ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo sì kà á lẹ́ẹ̀mejì kí n tó gbé e sílẹ̀, pàápàá jù lọ ibi tí o ti sọ pé ẹ fẹ́ ṣe ìsàmì fún ọmọ-ọmọ rẹ tuntun, pé Francis Xavier ni bàbá rẹ̀ yàn fún un, tí o sì bi mí pé ta ni ẹni náà gan-an, nítorí pé o kò fẹ́ máa pe ọmọ ní orúkọ tí o kò mọ ìtàn rẹ̀. Òní gan-an ni àjọ̀dún ẹni mímọ́ yẹn. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Mísà òwúrọ̀ dé ni, mo sì ti pinnu pé n kò ní fọwọ́ kan iṣẹ́ ilé kankan títí n ó fi dá ọ lóhùn.

N kò lè sọ ìtàn Xavier ní òun nìkan. Bí mo bá bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń bẹ̀rẹ̀, èyíinì ni ilẹ̀ India àti Japan àti ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn tó ṣe ìrìbọmi fún, akọni kan tó ń la òkun kọjá ni wàá rí, o kò sì ní rí ohun tó gbé e dé ibẹ̀. Yàrá kan ló gbé e dé ibẹ̀. Ìwọ náà mọ ohun tí yàrá lè sọ èèyàn dà, nítorí àwa mẹ́ta la jọ gbé yàrá kan nílé ẹ̀kọ́ olùkọ́ni, ìwọ, èmi, àti Àbúrò wa tó ti sùn nínú Olúwa. Títí di òní, bí mo bá fẹ́ bínú sí ọmọ iṣẹ́, ohùn Àbúrò ni mo máa ń gbọ́.

Ní yunifásítì Paris, nínú ilé ẹ̀kọ́ kan tó ń jẹ́ Sainte-Barbe, ọ̀dọ́kùnrin méjì ló jọ ń gbé yàrá láti ọdún 1525. Oṣù kan náà ni wọ́n bí wọn, oṣù Kẹrin ọdún 1506, ọjọ́ mẹ́fà péré ló sì wà láàárín wọn. Ìjọra wọn kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Inú ilé olódi ni wọ́n bí Francis Xavier sí ní ilẹ̀ Navarre, ọmọ ọlọ́lá ni, ṣùgbọ́n ogun ti sọ ilé bàbá rẹ̀ di ahoro nígbà tó wà lọ́mọdé, ìwé ló sì gbójú lé pé yóò dá iyì ìdílé náà padà. Ara rẹ̀ le, ó fẹ́ràn eré ìdárayá, ó sì fẹ́ kí ayé mọ òun. Èkejì, Peter Faber, ọmọ àgbẹ̀ ni láti abúlé Villaret ní ilẹ̀ Savoy, láàárín àwọn òkè Alps, àgùntàn ló sì ń dà nígbà èwe rẹ̀. Nígbà tó tó nǹkan bí ọmọ ọdún mẹ́wàá ló bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún pé ìwé ni òun fẹ́ kà, kò sì dákẹ́ títí àwọn òbí rẹ̀ fi jọ̀wọ́ rẹ̀.

Ọdún 1529 ni ẹnìkẹta dé bá wọn. Àgbà ni láàárín akẹ́kọ̀ọ́, ó ti fẹ́ẹ̀ pé ẹni ogójì ọdún, ó ń tiro, aṣọ ọrùn rẹ̀ kò jọjú, owó tó fi ń kàwé sì jẹ́ èyí tó ń tọrọ lọ́wọ́ àwọn aláàánú. Ignatius ti Loyola nìyẹn, ẹni tí wọ́n fi orúkọ ìlú rẹ̀ pe Loyola College tó wà níhìn-ín nílùú Ìbàdàn, tí àbúrò rẹ ọkùnrin máa ń fẹ́ràn láti sọ̀rọ̀ rẹ̀. Jagunjagun ni tẹ́lẹ̀, láti ilẹ̀ àwọn Basque ní Spain. Ní ogúnjọ́ oṣù Karùn-ún ọdún 1521, níbi tí wọ́n ti ń dáàbò bo ìlú Pamplona, ọta ìbọn àgbá fọ́ egungun ẹsẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí egungun náà jinná, ó yọ sókè lábẹ́ orúnkún, ẹsẹ̀ náà kò sì ṣeé wo bàtà àwọn ọmọ ọlọ́lá, ni Ignatius bá ní kí wọ́n fi ayùn rẹ́ egungun náà kúrò. Kò sí oògùn apàrora nígbà náà. Mo máa ń ronú sí èyí gan-an, Ìyá Ìbejì: ẹni tó fara da ayùn nítorí ẹwà ẹsẹ̀, agbára wà nínú rẹ̀ tó ń wá ohun tí yóò ná an lé lórí.

Lórí àkéte àìsàn yẹn ló ti ní kí wọ́n fún òun ní ìwé ìtàn àwọn jagunjagun láti fi pa àkókò, kò sì sí irú rẹ̀ nínú ilé. Ìtàn ìgbésí ayé Jésù àti ti àwọn ẹni mímọ́ ni wọ́n rí fún un. Bó ṣe ń kà á ló ń kíyè sí ara rẹ̀. Bí ó bá ń lálàá ọ̀sán nípa obìnrin ọlọ́lá kan àti nípa òkìkí ogun, inú rẹ̀ á dùn lákòókò náà, ṣùgbọ́n á gbẹ lẹ́yìn rẹ̀ bí ilẹ̀ ọ̀gbẹlẹ̀. Bí ó bá ń rò ó pé kí òun náà ṣe bí Francis ti Assisi, ìdùnnú náà kì í lọ lẹ́yìn tí èrò náà bá lọ tán. Ohun tó kọ́ níbẹ̀, pé kí èèyàn máa wo ibi tí èrò kọ̀ọ̀kan ń gbé ọkàn òun lọ, ni ìpìlẹ̀ gbogbo ohun tó fi kọ́ àwọn ẹlòmíràn lẹ́yìn náà. Ní ọdún 1522, ó fi idà rẹ̀ sílẹ̀ níwájú ère Màríà ní Montserrat, ó gbé ìlú Manresa fún nǹkan bí oṣù mọ́kànlá pẹ̀lú àwẹ̀ àti ẹkún, ó dé Jerúsálẹ́mù, ó padà, ó sì jókòó láàárín àwọn ọmọ kéékèèké ní Barcelona kó lè kọ́ èdè Látìn, nígbà tó ti lé ní ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Ìwé ló gbé e dé Paris.

Wọ́n ní kí Faber máa ràn án lọ́wọ́ nínú ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ọgbọ́n orí. Ọmọ darandaran ń kọ́ ọmọ ọlọ́lá ní ìwé lọ́sàn-án, nígbà tó bá sì di alẹ́, ọmọ ọlọ́lá á máa kọ́ ọmọ darandaran ní bí èèyàn ṣe ń gbàdúrà. Faber ní ìdààmú ọkàn tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí: ẹ̀rù ẹ̀ṣẹ̀ ń bà á ṣáá, kò mọ bóyá kí òun di àlùfáà ni tàbí agbẹjọ́rò tàbí oníṣègùn tàbí olùkọ́, gbogbo afẹ́fẹ́ tó bá fẹ́ ló ń gbé ọkàn rẹ̀ kiri. Ignatius kò kánjú sí i. Ọdún mẹ́rin ni wọ́n fi jọ gbé kí ó tó gbà á láàyè láti wọnú àṣàrò ọgbọ̀n ọjọ́ tí òun fúnra rẹ̀ ti là kọjá. Ní ti Xavier, kò fẹ́ gbọ́ rárá. Àwọn tó sún mọ́ Ignatius sọ pé ó máa ń sọ pé Xavier ni ìyẹ̀fun tó le jù lọ tí òun tíì pò rí. Kò bá a jà, kò sì bá a ṣàríyànjiyàn. Nígbà tí Xavier di olùkọ́ tí kò sì tíì ní akẹ́kọ̀ọ́ púpọ̀, Ignatius ló ń wá akẹ́kọ̀ọ́ fún un. Ìtàn àtẹnudẹ́nu tún sọ pé ọ̀rọ̀ Jésù kan ló ń tún sọ sí i létí nígbà gbogbo, pé èrè kí ni fún ènìyàn bí ó bá jèrè gbogbo ayé tí ó sì sọ ẹ̀mí rẹ̀ nù. Ìyẹ̀fun náà rọ̀ nígbẹ̀yìn.

Ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù Kẹjọ ọdún 1534, ọjọ́ àjọ̀dún Ìgbàsókè Màríà, àwọn méje gun òkè Montmartre lọ sí ilé ìsìn kékeré kan, wọ́n sì jẹ́ ẹ̀jẹ́ pé àwọn yóò gbé ìgbé òṣì àti ti mímọ́, pé àwọn yóò lọ sí Jerúsálẹ́mù, tí kò bá sì ṣeé ṣe, kí Póòpù rán àwọn síbikíbi tó bá fẹ́. Faber ló ṣe Mísà náà, nítorí òun nìkan ló ti di àlùfáà nínú wọn. Ọdún mẹ́fà lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù Kẹsàn-án ọdún 1540, Póòpù Paul Kẹta fọwọ́ sí Ẹgbẹ́ Jésù. Ohun tí wọ́n ń pè ní Jẹ́súíìtì dé ayé nìyẹn.

Kí ìwé àṣẹ náà tó jáde rárá ni wọ́n ti ń fọ́n káàkiri. Ọba Portugal ní kí wọ́n fún òun ní àwọn tí yóò lọ sí ilẹ̀ India, wọ́n yan Bobadilla, ọ̀kan nínú àwọn méje yẹn, ó ṣàìsàn, Ignatius fúnra rẹ̀ sì wà lórí ibùsùn, ló bá pe Xavier tó jẹ́ akọ̀wé rẹ̀. Xavier gbà lójú ẹsẹ̀. Lọ́jọ́ kejì ló kúrò ní Róòmù, ní oṣù Kẹta ọdún 1540, wọn kò sì fojú kan ara wọn mọ́ títí ayé. Ọjọ́ tó pé ọmọ ọdún 35, ọjọ́ keje oṣù Kẹrin ọdún 1541, ni ọkọ̀ rẹ̀ gbéra ní Lisbon. Oṣù mẹ́tàlá ló gbà á kó tó dé Goa. Láti ibẹ̀ ó lọ sáàárín àwọn apẹja ní etíkun gúúsù India, ó lọ sí Malacca, sí àwọn erékùṣù Moluccas, ó sì dé Kagoshima ní Japan ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù Kẹjọ ọdún 1549, ọdún kẹẹ̀ẹ́dógún géérégé tí wọ́n jẹ́ ẹ̀jẹ́ lórí òkè yẹn.

Ibi tí mo ń fẹ́ kí o fara balẹ̀ kà nìyí, nítorí ìwọ lo kọ̀wé sí mi pé ọ̀nà tó jìn ti ń jẹ ọ̀rẹ́ àwa méjèèjì díẹ̀díẹ̀. Lẹ́tà láti Róòmù sí ọ̀dọ̀ Xavier lè lo ọdún kan àbọ̀ lọ́nà, ó lè lo jù bẹ́ẹ̀ lọ, òmíràn kì í sì í dé. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1546, ó kọ̀wé láti erékùṣù Ambon sí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Yúróòpù pé òun ti gé orúkọ wọn, èyí tí oníkálùkù fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ, kúrò nínú lẹ́tà tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí òun, àti pé òun ń gbé e kiri pẹ̀lú ìwé ẹ̀jẹ́ tí òun jẹ́, nítorí ìtùnú tó ń fún òun. Ọkùnrin tí àwọn èèyàn ń pè ní akọni, tó wà láàárín àwọn tí kò gbọ́ èdè rẹ̀, ohun tó gbé sára ni orúkọ ọ̀rẹ́. Ní ọdún 1552, ó kọ̀wé sí Ignatius pé òun sunkún nígbà tí òun ka ọ̀rọ̀ tí Ignatius fi parí lẹ́tà rẹ̀, pé tìrẹ pátápátá ni mo jẹ́, n kò sì lè gbàgbé rẹ nígbà kankan.

Ọdún yẹn náà ló kú. Ó ń wá ọ̀nà àtiwọ ilẹ̀ China, ẹni tó ṣèlérí pé òun yóò fi ọkọ̀ gbé e wọlé kò wá, ibà sì dá a dúbúlẹ̀ ní erékùṣù Shangchuan, níbi tí èèyàn ti lè rí ilẹ̀ China lókèèrè. Ọjọ́ kẹta oṣù Kejìlá ọdún 1552 ni, ó sì jẹ́ ọmọ ọdún 46. Ní oṣù Kẹfà ọdún 1553, Ignatius jókòó ní Róòmù, ó kọ lẹ́tà pé kí Xavier máa bọ̀ nílé. Ẹni tó ń kọ̀wé sí ti kú láti oṣù mẹ́fà sẹ́yìn, kò sì sí ẹni tó lè sọ fún un. N kò lè ka ibẹ̀ kí omi má wá sójú mi.

Nínú àwọn mẹ́ta yẹn, Faber ni mo fẹ́ràn jù, mo sì mọ̀ pé bí Àbúrò wa bá wà láàyè, òun náà ni ìbá mú. Òun ló kọ́kọ́ kú, bí ó ti rí pẹ̀lú tiwa. Kò dé India, kò rí Japan. Ọ̀nà Jámánì, Spain àti Portugal ló ń rìn kiri, tó ń jókòó ti àwọn èèyàn níkọ̀ọ̀kan, tó ń gbọ́ ẹ̀jọ́ ọkàn wọn. Àkókò tí Ìjọ ń fọ́ sí wẹ́wẹ́ ni, tí ẹni tó wà níhìn-ín ń gégùn-ún fún ẹni tó wà lọ́hùn-ún, ṣùgbọ́n nínú ìwé àkọsílẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1542, ó to orúkọ àwọn tó ń gbàdúrà fún: Póòpù wà níbẹ̀, ọba France wà níbẹ̀, Martin Luther wà níbẹ̀, ọba England tó ti ya Ìjọ tirẹ̀ sọ́tọ̀ wà níbẹ̀, Sultan àwọn ará Turkey náà wà níbẹ̀. Ó ní kí Ọlọ́run má ṣe wo ìdájọ́ tí àwọn èèyàn ti ṣe fún wọn. Ìdààmú ọkàn àtijọ́ yẹn kò sì kúrò lára rẹ̀ pátápátá. Ó ń kọ ọ́ sínú ìwé náà láìtijú. Ní ọdún 1546, wọ́n pè é sí ìpàdé àpérò ńlá ní Trent, ó dé Róòmù pẹ̀lú ibà lára, ó sì kú ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹjọ ní ọmọ ogójì ọdún. Ọdún 1622 ni Ìjọ kéde Ignatius àti Xavier gẹ́gẹ́ bí ẹni mímọ́ lọ́jọ́ kan náà. Faber dúró di oṣù Kejìlá ọdún 2013, kí Póòpù Francis tó kéde rẹ̀. Ọdún 391 ló fi wà lẹ́yìn àwọn ẹlẹgbẹ́ yàrá rẹ̀.

Síbẹ̀, wo ohun tó fi sílẹ̀. Nígbà kan tó ń wàásù ní ìlú Segovia, ilé oníṣòwò aṣọ kan ló dé sí, ó sì kọ́ ọmọ ilé náà ní ẹ̀kọ́ gbígba Ara Olúwa lákọ̀ọ́kọ́. Alphonsus Rodriguez lọmọ náà ń jẹ́. Ó dàgbà, ó gba ìṣòwò bàbá rẹ̀, ó gbé ìyàwó, ó bímọ, ikú sì kó ìyàwó àtàwọn ọmọ náà lọ, òwò náà sì bà jẹ́. Nígbà tó ti ń lọ sí ẹni ogójì ọdún ló lọ kan ilẹ̀kùn àwọn Jẹ́súíìtì. Wọ́n wo ọjọ́ orí rẹ̀ àti ìwé tí kò kà tó, wọn kò fẹ́ẹ̀ gbà á, ṣùgbọ́n ní ọdún 1571 wọ́n gbà á gẹ́gẹ́ bí arákùnrin lásán, wọ́n sì fi í sídìí ilẹ̀kùn ilé ẹ̀kọ́ wọn ní Palma, ní erékùṣù Majorca. Ìdí ilẹ̀kùn yẹn ló wà fún ohun tó lé ní ogójì ọdún. Bí ẹnikẹ́ni bá ti kanlẹ̀kùn, ìbáà jẹ́ alágbe, ohun tó máa ń sọ ni pé òun ń bọ̀, Olúwa.

Ní ọdún 1605, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Peter Claver wá kàwé níbẹ̀. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n wà nínú ilé náà, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ bàbá tó ń ṣọ́ ilẹ̀kùn ló ń lọ lálaalẹ́ láti béèrè ohun tí òun yóò fi ayé òun ṣe. Bàbá náà ní kó kọjá òkun. Claver dé Cartagena, ní ilẹ̀ tó di Colombia lónìí, ní ọdún 1610, ibẹ̀ ló sì kú sí ní ọdún 1654. Èbúté ẹrú ni Cartagena. Bí ọkọ̀ bá ti dé, òun àtàwọn ògbufọ̀ rẹ̀ á gbé ọsàn, bisikíìtì àti tábà, wọ́n á wọ ìsàlẹ̀ ọkọ̀ níbi tí àwọn aláìsàn àtàwọn tó ń kú lọ wà láàárín ẹ̀gbin, á fi aṣọ àwọ̀lékè tirẹ̀ bo wọn, á tọ́jú wọn kó tó sọ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run kankan. Nígbà tó jẹ́ ẹ̀jẹ́ ìkẹyìn rẹ̀ ní ọdún 1622, ó kọ ọ́ sídìí ìwé náà pé òun ni ẹrú àwọn aláwọ̀ dúdú títí láé.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá ju bí a ti rò lọ. Alonso de Sandoval, Jẹ́súíìtì tó kọ́ Claver níṣẹ́ yìí, tẹ ìwé kan jáde ní ọdún 1627 nípa àwọn aláwọ̀ dúdú tí wọ́n ń kó dé, ó sì dárúkọ àwọn Lucumí láàárín wọn, orúkọ kan náà tí wọ́n fi ń pe ìran wa ní Cuba títí di òní. Àwọn èèyàn wa wà lára àwọn tó sọ̀ kalẹ̀ ní èbúté yẹn, Ìyá Ìbejì. N kò ní fi ìyókù pa mọ́ fún ọ nítorí pé mo fẹ́ràn àwọn ẹni mímọ́: àwọn ògbufọ̀ Claver, ẹrú ni wọ́n, ilé àwọn Jẹ́súíìtì ló sì ni wọ́n. Ìyà tó jẹ àwọn èèyàn náà ni Claver bá jà, kò dojú kọ òwò tó ń kó wọn wá, bẹ́ẹ̀ ni ẹgbẹ́ tí Ignatius dá sílẹ̀ ń jẹ nínú rẹ̀. Ó dùn mí, mo sì gbà pé ó yẹ kó dun ẹnikẹ́ni tó bá ń pe orúkọ wọn nínú àdúrà. Ọ̀kan nínú àwọn ògbufọ̀ náà, Andrés Sacabuche, ọmọ Angola, jẹ́rìí nígbà tí Ìjọ ń wádìí ìgbésí ayé Claver lẹ́yìn ikú rẹ̀. Púpọ̀ nínú ohun tí a mọ̀ nípa ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ọkọ̀ wọ̀nyẹn, ẹnu irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀ la ti gbọ́ ọ, nítorí náà, nígbà tí mo bá ń ka ìtàn Claver, orúkọ Sacabuche ni mo máa ń kọ́kọ́ pè.

Ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù Kìíní ọdún 1888, Póòpù Leo Kẹtàlá kéde aṣọ́nà yẹn àti Claver gẹ́gẹ́ bí ẹni mímọ́ lọ́jọ́ kan náà, bí wọ́n ti ṣe fún Ignatius àti Xavier. Bí o bá sì tọpa rẹ̀ sẹ́yìn láti Cartagena, wàá kan ilẹ̀kùn Palma, láti ibẹ̀ wàá kan ilé aláṣọ ní Segovia, wàá sì dé yàrá Sainte-Barbe.

Ìdí nìyí tí inú mi fi dùn sí orúkọ tí ọmọ rẹ yàn. Mo ní ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo: bí wọn kò bá tíì kọ orúkọ kejì sílẹ̀, bá mi bẹ bàbá ọmọ náà pé kó fi Peter kún un nítorí Faber. Tí wọ́n bá sì ti kọ ọ́ tán, kò burú, àwa méjì á máa pè é bẹ́ẹ̀ láàárín ara wa. Jọ̀wọ́ tètè fi ọjọ́ ìsàmì náà ránṣẹ́, kí n lè fi orúkọ ọmọ náà sílẹ̀ fún Mísà ọjọ́ yẹn níhìn-ín, pẹ̀lú orúkọ Àbúrò. Bébà ni kí o kọ ọ́ sí, bí o ti ṣe kọ èyí tó dé yìí, má ṣe fi fóònù tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́ sí mi.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Ìyá Bọ́lá.